Bí Màmá Dókítà Ṣe Wọ Ẹgbẹ́ Ọlọ́kọ̀ Sípọ́ọ̀tì

Ọdún tí màmá rẹ̀ ṣubú ní balùwẹ̀ ni dókítà eyín náà ra ọkọ̀ pupa. Lójú tirẹ̀ nígbà náà, ọ̀rọ̀ méjèèjì ò so mọ́ra. Ohun tó sọ fún ara rẹ̀ ni pé òun ti ṣiṣẹ́ tó, òun ò lọ́kọ mọ́, òun ò sì lọ́mọ tí òun ń sanwó ilé ìwé fún, kí ló wá dé tí òun ò ní fi nǹkan dídára kan ṣìkẹ́ ara òun. Ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì ni, èyí tó máa ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó kúrú, ó fẹjú sílẹ̀ pẹrẹsẹ, ìjókòó méjì péré ló wà nínú rẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ wọ̀ ọ́ ní láti kọ́kọ́ tẹ̀ bí ẹni fẹ́ kúnlẹ̀. Tó bá ti ṣáná sí i, gbogbo àdúgbò á gbọ́, àwọn ajá á sì dáhùn.

Ara obìnrin náà ò balẹ̀ rárá lọ́dún yẹn. Bó ti ń gbẹ́ eyín ẹnì kan lọ́wọ́ ni ọkàn rẹ̀ ti ń rìn lórí títì. Nọ́ọ̀sì tó ń bá a ṣiṣẹ́, tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, á wò ó láti òkè ìbòmú, á ní, "Dókítà, ẹsẹ̀ yín tún ti ń jó." Òótọ́ ni. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ á máa tẹ ilẹ̀ ṣáá bí ẹni tó ń tẹná mọ́ mọ́tò, ẹni tó sì la ẹnu sílẹ̀ lábẹ́ iná funfun náà á máa fi ojú bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó fara balẹ̀.

Ilé gan-an ni kò ṣeé jókòó sí. Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni màmá rẹ̀ ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Obìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbélé ni, tó máa ń ti ilé aboyún kan bọ́ sí ilé òmíràn, tó ń jẹun ní ìdúró. Nígbà tó ṣubú, egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́. Wọ́n tò ó, ó jiná, àwọn dókítà ní kó máa fi ọ̀pá rìn. Màmá fi àáké kọ́rí. Ó jókòó sórí àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yàrá ìgbàlejò, ó tẹ́ aṣọ lé itan, ó yí rédíò wálẹ̀ débi pé kò sẹ́ni tó lè gbọ́ ohun tó ń sọ, ó wá ń wo ògiri ilé kejì.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká jáde díẹ̀."

"Ká lọ síbo?"

"Ibi yòówù."

"Mi ò gbàgbé nǹkan kan síbẹ̀."

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà máa ń parí sí nìyẹn. Dókítà á gbé oúnjẹ fún un, á fún un lóògùn, á fi ìpara ra ìbàdí náà fún un. Kí omi tó gbẹ lára àwo tó fọ̀, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Á ké sí obìnrin ilé kejì pé kó wá jókòó ti màmá òun díẹ̀, á sì bọ́ síta. Kò níbi tó ń lọ. Á wa ọkọ̀ náà dé ibi tí ọ̀dà títì parí sí, á yí i padà, á wá sílé, á tún jókòó sínú rẹ̀ lẹ́nu géètì bí àlejò tí kò mọ̀ bóyá kí òun kanlẹ̀kùn.

Ní ilé epo kan ló ti pàdé Alága. Ọkùnrin náà ti ń hewú, ó wa ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì aláwọ̀ fàdákà kan tó ti dàgbà díẹ̀, tó sì ga ju ti Dókítà lọ. Ó yí ọkọ̀ pupa náà po, ó kí i kú oríire, ó ní, "Àwọn wo lẹ máa ń bá jáde?"

"Èmi nìkan ni."

"Ẹ ò gbádùn ẹ̀ nìyẹn. A ní ẹgbẹ́ kan. Èmi ni alága wọn. Ẹ wá wò wá ná, tí ẹ bá fẹ́ràn wa, ẹ dúró."

Nígbà tó rò ó fún nọ́ọ̀sì, ìyẹn ń to irinṣẹ́ sínú àwo. Ó ní, "Kí ni wọ́n máa ń ṣe níbẹ̀?"

"Wọ́n máa ń wa ọkọ̀, mo rò pé."

"Ṣé ẹ kì í wa ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ ni?"

Dókítà bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Síbẹ̀, ó lọ. Ẹ̀yìn òtẹ́ẹ̀lì kan ni wọ́n ti ń ṣèpàdé, lórí ilẹ̀ gbalasa kan. Wọ́n to àwọn ọkọ̀ náà kalẹ̀ bí eyín tuntun, kálukú sì ń fi aṣọ múlọ́múlọ́ nu ọkọ̀ tirẹ̀. Wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń wo ẹ́ńjìnì bí àwọn ẹbí ṣe máa ń wo ọmọ ìkókó. Ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Táyà, torí pé ọ̀rọ̀ táyà nìkan ló máa ń sọ. Ó sọ ọ́ fún Dókítà títí òòyì fi ń kọ́ ọ. Ẹlòmíràn sún mọ́ ọn, ó bi í pẹ̀lú ẹ̀rín pé ṣé ọ̀gá ilé ò ráyè wá ni.

"Èmi ni mo ni ọkọ̀," Dókítà dá a lóhùn. "Ọkọ ni mi ò ní."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, Alága sì rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wá gbéra, tí ó rò pé nǹkan fẹ́ ṣẹlẹ̀, ńṣe ni wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn bí ọmọ ilé ìwé tó ń lọ gba omi. Òfin ẹgbẹ́ ni pé ẹnì kankan ò gbọdọ̀ kọjá ẹnì kejì. Ọkọ̀ tó lè fò bí àṣá ń rìn gbẹ̀rẹ̀, ẹ́ńjìnì ń kùn, ẹsẹ̀ Dókítà ń yún un. Ó kù díẹ̀ kó fi eyín gé sítíárìn ọkọ̀. Bó ṣe dé ilé ló ti pinnu pé òun ò ní padà síbẹ̀ mọ́.

Ìgbà tó yá, Alága pè é. Ó ní èyí tó ń bọ̀ yàtọ̀, eré wíwá-ọ̀nà ni wọ́n fẹ́ ṣe. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan á gba tirẹ̀ lọ, ẹnì kan á máa wakọ̀, ẹnì kejì á máa ka ìwé tí wọ́n kọ ọ̀nà sí. Ẹni tó bá dá wá kò lè ṣe é. Nọ́ọ̀sì gbà láti tẹ̀ lé e. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ló pè pé ara ọmọ òun ń gbóná.

"Kò sí wàhálà, máa tọ́jú ọmọ," Dókítà wí. "Mi ò ní lọ mọ́."

Ó fi fóònù sílẹ̀, ó jókòó. Ó dìde, ó tún tìmùtìmù àga ṣe, ó tún jókòó. Ó dìde, ó lọ wo kíṣínì bí ẹni pé ó gbé nǹkan kaná, kò sì gbé nǹkan kan. Màmá rẹ̀ ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

"Ẹni mélòó ni wọ́n ní kó wà nínú ọkọ̀ náà?"

"Méjì ni, mà."

"Ṣé èmi kì í ṣe èèyàn ni?"

Dókítà rò pé etí òun ló ń dún. Ṣùgbọ́n màmá ti ká aṣọ kúrò ní itan, ó sì ń fi ọwọ́ wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ àga.

Wíwọ ọkọ̀ náà tó iṣẹ́. Màmá fara ti ọ̀pá, ó wò ó, ó ní, "Ṣé ó ti dúró tán, àbí ó ṣì ń lọ sílẹ̀?" Wọ́n gbìyànjú ẹsẹ̀ ọ̀tún, kò wọlé. Wọ́n gbìyànjú ẹsẹ̀ òsì, orí kọ̀. Nígbà tó yá, màmá ní kí ọmọ òun yé fa òun. Ó kẹ̀yìn sí ọkọ̀ náà, ó gbé ìdí lé ìjókòó, ó wá ní kí ó gbé ẹsẹ̀ òun wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Bí mo ṣe ń kọ́ àwọn aboyún nìyẹn," ni ó wí, ó ń mí gúlegúle. "Ìdí ló ń ṣáájú."

Wọ́n gba ìwé ọ̀nà lọ́wọ́ Alága, wọ́n gbéra. Màmá fi awò ojú rẹ̀ sójú, ó gbé ìwé náà sókè bí oníwàásù, ó ka ìlà àkọ́kọ́ ketekete. Lẹ́yìn ìyẹn, ojú rẹ̀ lọ sí fèrèsé. Wọ́n ti kọ́ ilé alájà kan síbi tí pápá wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti kun ilé ìwòsàn tó ti ṣiṣẹ́ rí. Ó ń sọ̀rọ̀ sí gbogbo rẹ̀ lábẹ́ ẹnu, ó ń kí wọn, ó ń bá wọn wí. Wọ́n kọjá ilé ìwé tí ìwé ní kí wọ́n ti yà, kò sọ nǹkan kan. Wọ́n kọjá afárá. Nígbà tó yá, ilé tán pátápátá, ó wá ku títì gbọọrọ kan láàárín koríko.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ibo la wà?"

"Mi ò mọ̀," màmá fèsì. Inú rẹ̀ dùn bó ṣe ń sọ ọ́.

Dókítà yà sẹ́bàá ọ̀nà, ó pa iná ọkọ̀. Orí rẹ̀ ti ń gbóná. Ó gba ìwé náà, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ibi tó ti ń wá ìlà tí wọ́n fò ni màmá ti sọ̀rọ̀, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ojú rẹ̀ sì ń wo iwájú.

"Mo mọ ìdí tó o fi ra ọkọ̀ yìí."

"Mo fẹ́ràn ẹ̀ ni, mà."

"O fẹ́ràn ẹ̀ lóòótọ́. O sì fẹ́ máa fi sá fún mi."

Ọ̀rọ̀ náà bá Dókítà níbi tí kò fi ọwọ́ bò. Ó ká ìwé náà sí méjì.

"Mi ò bínú," màmá wí. "Èmi náà ì bá ti sá fún ara mi ká ní mo lẹ́sẹ̀ tó máa gbé mi." Ó fọwọ́ ra orúnkún. "Ẹ̀rù ló ń bà mí. Inú ilé ara mi ni ilẹ̀ ti yọ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Mo wá ń rò ó pé, kí ni ìta máa wá ṣe fún mi."

"Ẹ ò sọ fún mi."

"O kì í jókòó pẹ́ tó."

Ẹyẹ kan balẹ̀ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó bá a ní gbígbóná, ó fò lọ. Dókítà fẹ́ tọrọ àforíjì, ó fẹ́ ṣàlàyé, ó fẹ́ ṣílẹ̀kùn kó bọ́ sílẹ̀ kó máa rìn lọ. Kò ṣe ọ̀kankan. Ó na ọwọ́, ó bá màmá rẹ̀ fa bẹ́líìtì tó ti lọ́ mọ́ ọn léjìká tọ́.

"Títì yìí gún," màmá wí lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. "Kò sì sẹ́ni lórí ẹ̀. Báwo lọkọ̀ yìí ṣe ń sáré tó gan-an?"

Dókítà wò ó bóyá àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà. Ó ṣáná sí ọkọ̀, ó yí i sójú títì, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó tẹ̀ ẹ́. Ìjókòó gbá wọn mú lẹ́yìn, koríko ẹ̀gbẹ́ títì di àwọ̀ kan ṣoṣo, ìwé ọ̀nà fò bọ́ sílẹ̀. Ohùn kan wá ń ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bọ̀ tí kò kọ́kọ́ dá mọ̀. Ẹ̀rín màmá rẹ̀ ni. Láti ọjọ́ balùwẹ̀ yẹn, kò tíì gbọ́ ọ.

Àwọn ni wọ́n dé kẹ́yìn. Àwọn yòókù ti jẹun tán, wọ́n sì ti ń bẹ̀rù pé kí lodé. Alága fúnra rẹ̀ ló gbé àga sábẹ́ ibòòji fún màmá. Kí wọ́n tó bu omi fún un, ó ti ń ròyìn bí wọ́n ṣe ṣìnà, ó ń rò ó bí ẹni tó gba ipò kìíní. Táyà bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n sì fọ́n ká. Màmá jókòó, ó gbọ́ ọ tán, ó tún bi í ní ìbéèrè, ojú ọkùnrin náà sì ń dán bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ fún.

Bí wọ́n ṣe ń padà lọ sílé, màmá ní, "Ìgbà wo ni ìpàdé mìíràn?"

"Màmá, mi ò tíì wọ ẹgbẹ́ wọn o. Ọ̀rọ̀ wọn sú mi."

"Ìwọ ló sú. Kò sú èmi."

Ọjọ́ tí Alága pè láti béèrè ìpinnu, kíṣínì ni Dókítà wà. Kó tó nuwọ́ tán, ó gbọ́ ohùn màmá rẹ̀ nínú yàrá ìgbàlejò: "Ẹ kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀. Èmi ìyá ẹ̀ ni mo sọ bẹ́ẹ̀." Ó bínú. Ó ní àgbàlagbà ni òun, òun kì í ṣe ọmọ tí wọ́n ń forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ níléèwé. Màmá gbà pé òótọ́ ni, ó sì ní kó bá òun gbé ọ̀pá òun wá. Láti ọjọ́ náà ló ti ń rìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ní lílọ àti bíbọ̀, ó ń kùn, ó ń sinmi, ó tún ń lọ. Ó ní ojú á ti òun bí wọ́n bá tún gbé òun bí ẹrù lójú gbogbo ẹgbẹ́.

"Ẹgbẹ́ yìí wá ńkọ́?" nọ́ọ̀sì bi Dókítà níbi iṣẹ́. "Ṣé ó tó nǹkan tí èèyàn ń wọ̀?"

Dókítà ronú sí i, irinṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Lójú tèmi, kò tó. Lójú màmá mi, ó tó, ó tún ṣẹ́kù."

Ní ìjáde tó tẹ̀ lé e, màmá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ pupa ní ẹ̀yìn òtẹ́ẹ̀lì, ó fi ọ̀pá rìn lọ tààrà síbi ọkọ̀ Alága. Ó ní ìjókòó ibẹ̀ ga, ìbàdí òun fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, Alága sì fẹ́ gbọ́ ìyókù ìtàn àwọn ìbejì tí òun gbẹ̀bí wọn lójú òjò, èyí tí òun bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ibòòji lọ́jọ́sí. Dókítà ní kò burú. Ohun tó ti ń wá láti ọdún yẹn náà nìyí, òun nìkan nínú ọkọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yìn Alága gan-an ni wọ́n tò ó sí. Láti ibẹ̀, ó ń rí orí màmá rẹ̀ bó ṣe ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ń rí ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń fi júwe nǹkan. Owú jẹ ẹ́ díẹ̀. Ó fẹ́ mọ ibi tí ìtàn náà dé. Òun ò gbọ́ ọ rí, kò sì béèrè rí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí yún un.

Nígbà tí títì fẹ̀, tí ó gùnkè lọ síwájú, ọwọ́ kan yọ láti fèrèsé ọkọ̀ aláwọ̀ fàdákà náà. Ọwọ́ màmá ni. Ó ń jù ú síwájú, pé kó máa kọjá. Alága náà yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún un, bí òfin ẹgbẹ́ tilẹ̀ kọ̀ ọ́. Dókítà ò dúró gbọ́ ẹ̀ẹ̀kejì. Ó tẹ̀ ẹ́, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn fìrì, òkè náà sì bẹ̀rẹ̀ sí wọlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Lókè pátápátá, ó yà sẹ́bàá ọ̀nà, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó fẹ́ jókòó lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbóná jù. Ó rìn yí ọkọ̀ náà po, ó wo ìsàlẹ̀, kò tíì sí ẹnì kan. Ó tún yí i po. Ó wá gbọ́ ẹ́ńjìnì wọn tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn pa pọ̀, ó sì rìn bọ́ sí ẹnu títì kí wọ́n lè rí i.