Fèrè Kejì Nìkan Ló Kù

Prokop Kudrna fẹ́ gbọ́ ọ̀kan nínú símfónì rẹ̀, orin gígùn tí ọ̀pọ̀ ohun èlò jọ ń gbé, kó tó kú. Kò béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ikọ́ ti jẹ àyà rẹ̀ tán, dókítà kò sì wá mọ́. Mẹ́fà ló kọ. Wọ́n tẹ gbogbo wọn jáde ní Páríìsì níbí, orúkọ rẹ̀ sì wà lára wọn. Torí náà, Rozina ìyàwó rẹ̀ gba ilé ìtẹ̀wé Mouchelet lọ.

"Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá. Ìwé símfónì ọkọ mi ni mo ń wá."

"Ta lọkọ yín, màdáámù?"

"Kudrna."

"Áà, ará Bòhímíà yẹn! Ṣé kò tíì kú ni?"

"Ṣé ẹ̀ ń kánjú ni?"

Mouchelet wú ikọ́ díẹ̀. "Ẹ má bínú. A ti tà á tán, ọjọ́ ti pẹ́. Àwo òjé tí a gbẹ́ orin náà sí láti fi tẹ̀ ẹ́, a ti fi òòlù lù ú tẹ́jú, a sì ti gbẹ́ orin ijó sí i. Orin ijó ló ń tà."

"Èyí tó fọwọ́ kọ ńkọ́?"

"Tí ẹni tó ń gbẹ́ orin sí òjé bá ti gbẹ́ ẹ tán, inú iná ló ń lọ. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe nìyẹn. Ṣé kò da ọ̀kan kọ sílé ni?"

Kò da kankan kọ. Prokop gbà pé ohun tí wọ́n bá ti tẹ̀ kì í sọnù.

Mouchelet tú ìsàlẹ̀ pẹpẹ, ó fa ìwé kan tí eku ti jẹ etí rẹ̀ jáde. Ohun èlò kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé tirẹ̀. Ti fèrè ìwo kejì nínú ọ̀kan lára símfónì Prokop lèyí. Rozina ti bá olórin gbé pẹ́. Ó mọ̀ pé fèrè kejì kì í gbé orin, ńṣe ló ń dúró de àwọn tó kù. Síbẹ̀ ó gbà á. Ó sàn ju ọwọ́ òfìfo lọ.

Nígbà tó délé, Matous, afọnfèrè tí òun àti Prokop jọ ti Bòhímíà wá, jókòó ti aláìsàn náà. Ó wo ìwé ọ̀hún.

"Ìyàwó wa, ìdákẹ́ ló kún inú èyí o. Ṣé kí n máa dákẹ́ fún ẹ̀gbọ́n ni?"

Prokop rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. "Fọn ọ́n, ìwọ ọ̀lẹ yìí. Èmi á kọ orin tó wà lókè rẹ̀, o ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. A ó gba ọ̀kan padà."

Matous fọn ọ́n. Prokop dijú, ó ń kọrin. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, ṣùgbọ́n kò yẹ̀. Orin náà dùn. Rozina mọ̀ ọ́n. Gbogbo ọmọ-ọ̀dọ̀ tó wà ní Páríìsì ló ń kọ ọ́ lọ́dún yẹn. Ọkùnrin mìíràn ló ṣe é, kì í ṣe Prokop.

Matous gbé fèrè kúrò lẹ́nu. Kò fọwọ́ kan kálàmù.

"Kí ló dé tí kò bá fèrè rẹ mu?" ni Prokop béèrè.

"Ó lè jẹ́ pé èmi ni mo ṣì í, ẹ̀gbọ́n."

"O ò ṣì í. Tún un fọn."

Ó tún un fọn. Orin kan náà ló tún jáde lẹ́nu Prokop. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó la ẹnu, ó sì pa á dé.

"Rozina, ti ta ni mò ń kọ?"

Rozina kò purọ́ fún un rí. Ó sọ orúkọ ọkùnrin náà.

Prokop kọjú sí ògiri. "Sọ fún Matous kó máa lọ sílé," ló wí. "Mi ò rántí tèmi mọ́."