Ẹsẹ̀ Bàtà Mẹ́wàá

4.

…tí irin iwájú katakata fi kọlu ohun líle kan, tí gbogbo ara mi sì mì títí dé eyín. Mo pa ẹ́ńjìnnì. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó. Kì í ṣe yìnyín nìkan. Òkúta wẹ́wẹ́ ló kún inú rẹ̀, òkúta ojú ọ̀nà ilé wa gan-an. Ó ti dì mọ́ yìnyín bíi kọnkéré.

Ọjọ́rú nìyẹn, aago mẹ́jọ àárọ̀. Ó ku ọjọ́ méjì.


1.

[Lẹ́tà láti ọsibítù. Ara fíríìjì ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́.]

Sí Ìyáàfin Sylvi Lampinen, Òpópónà Kuusi, òkè Michigan.

A ó gbé ọkọ yín, Ọ̀gbẹ́ni Urho Lampinen, wá sílé ní Ọjọ́ Ẹtì, aago mọ́kànlá àárọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló béèrè pé ilé òun ni kí òun ti lo ọjọ́ tó kù fún òun. Ọkọ̀ wa nílò ọ̀nà tí ìbú rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, láti títì dé ẹnu ilẹ̀kùn. Bí ọkọ̀ kò bá lè wọlé, a ó gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú arúgbó tó ní ààyè. Ìrìn wákàtí mẹ́ta nínú mọ́tò ni ibẹ̀ sí ọ̀dọ̀ yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wọn ọ̀nà yín.


2.

Mo wọ̀n ọ́n. Ẹsẹ̀ bàtà méje.


3.

Taisto Rautio, aládùúgbò wa, ló ba ọ̀nà yìí jẹ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.


5.

[Ìwé tí Urho kọ, tó fi ìṣó kàn mọ́ ògiri ilé katakata.]

YÌNYÍN ÀKỌ́KỌ́: MÁ KÓ O.
FI TÁYÀ TẸ̀ Ẹ́. JẸ́ KÓ DÌ. ÒUN LA Ó MÁA RÌN LÉ TÍTÍ DI OṢÙ KẸRIN.
ÈYÍ TÓ TẸ̀ LÉ E: TÌ Í JÌNNÀ.
JÌNNÀ JU BÍ O ṢE RÒ LỌ. OṢÙ KEJÌ Ń BỌ̀.
LẸ́YÌN IṢẸ́ NI KỌFÍ. KÌ Í ṢE ṢÁÁJÚ.


6.

[Rédíò, aago méje àárọ̀.]

Yìnyín tó ti já láti Oṣù Kọkànlá: igba ó lé mọ́kànlá íǹṣì. Òmíràn ṣeé ṣe kó já ní Ọjọ́ Ẹtì.

Ibí ni wọ́n bí mi sí, mo sì ti pé ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Síbẹ̀, nígbà tí mo dúró láàárín ògiri yìnyín méjèèjì, tí mo na ọwọ́ mi sókè, tí ọwọ́ náà kò tó orí rẹ̀, mo tún na èkejì sókè wò.


7.

[Orí fóònù. Ọjọ́rú, ọ̀sán.]

TAISTO: Ìyàwó, mo ń gbọ́ katakata. Ta ló ń gùn ún?

ÈMI: Èmi ni.

TAISTO: Ìwọ tí o máa ń fi mọ́tò wó àpótí lẹ́tà mi?

ÈMI: Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ wá bá mi gùn ún.

TAISTO: Pẹ̀lú ìbàdí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ fún mi yìí? Ọkọ̀ kan náà ni wọn óò fi gbé èmi àti Urho.

ÈMI: Òkúta ló kún inú ògiri yìnyín yẹn. Kò ṣeé tì.

TAISTO: Òkúta ò ṣáà dédé rìn débẹ̀. Ta ló kó o síbẹ̀?

ÈMI: Mi ò mọ̀.

TAISTO: O mọ̀.


8.

Irọ́ ni mo pa ní 3. Ẹ pa á rẹ́.


9.

Ọjọ́ kejìlá, Oṣù Kọkànlá. Àárọ̀ ni Urho ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́. Wọ́n gbé e lọ. Wọ́n ní bóyá ọjọ́ mẹ́ta ni yóò lò níbẹ̀. Ọ̀sán ni yìnyín àkọ́kọ́ já.

Mo mọ ohun tó wà lára ògiri ilé katakata. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọkùnrin yìí ló ti wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi sí yìnyín yẹn, bíi pé òun ló gbé ọkọ mi lọ, mo sì fẹ́ kí Urho bá ọ̀nà tó mọ́ tónítóní nígbà tó bá dé. Mo gun katakata fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. Mo sọ irin iwájú kalẹ̀ títí ó fi kan ilẹ̀, mo fi fá gbogbo ọ̀nà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Yìnyín lọ, òkúta wẹ́wẹ́ bá a lọ, gbogbo rẹ̀ sì jókòó sí etí ọ̀nà níbí, kò jìnnà rárá.

Ó dára lójú mi. Mo wọlé lọ mu kọfí.

Urho kò dé lọ́jọ́ kẹta. Gbogbo yìnyín tó já lẹ́yìn ìyẹn gun orí ti àkọ́kọ́, ògiri sì ń sún mọ́ra wọn láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀.


11.

[Kò sí 10. Mo sùn.]

Ọjọ́bọ̀. Taisto ní kí n má ṣe tì í láti iwájú mọ́, pé ilé ni mo ń gbìyànjú láti tì yẹn. Ó ní kí n fi igun irin gé e láti ẹ̀gbẹ́, pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, bí a ṣe ń gé búrẹ́dì, kí n sì máa gbé e lọ dà sẹ́yìn ilé ìwẹ̀. Ó tún ní bí mo bá wó àpótí lẹ́tà òun lẹ́ẹ̀kẹta, òun á sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo gé e.


12.

[Ohun tí mo kà lára ògiri tí mo gé, láti òkè wá sísàlẹ̀.]

Funfun, rírọ̀, ìbú ọwọ́ kan: àná.

Ìlà eérú: Àbámẹ́ta tí mo dá iná sauna, ilé ìwẹ̀ olóoru wa, fún èmi nìkan. Mi ò lè jókòó sínú rẹ̀. Mo kó eérú gbígbóná dà sí ọ̀nà.

Aláwọ̀ aró, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin: ìjì ọlọ́jọ́ mẹ́ta ìgbà Kérésì. Mi ò lè jáde lọ sọ́dọ̀ Urho ní ọsibítù.

Omi dídì, tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìwé: ọjọ́ tí òjò rọ̀. Ọjọ́ yẹn ni Urho tún pe orúkọ mi.

Funfun, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀: mi ò rántí. Mi ò rántí ìkankan nínú àwọn ọjọ́ yẹn.

Òkúta.


13.

Aago méjì ọ̀sán ni oòrùn wọ ibi tí mo gé. Ìmọ́lẹ̀ náà kò jókòó sí ojú ògiri. Inú ni ó ti ń tàn jáde, aláwọ̀ aró, láti orí dé ìdí. Mo pa ẹ́ńjìnnì. Gbogbo ilẹ̀ pa rọ́rọ́. Láti Oṣù Kọkànlá ni mo ti ń bú ohun yìí, tí mo ń ṣépè fún un lójoojúmọ́, bó sì ṣe wà nínú lọ́hùn-ún nìyẹn.

Mo ṣí fìlà mi. Ẹ̀rù bà mí, inú mi sì dùn.


14.

[Àtẹ̀jíṣẹ́. Nọ́ọ̀sì Lorna, tó ń tọ́jú Urho.]

LORNA: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ṣé ọ̀nà ti tó?

ÈMI: Mẹ́jọ àti ààbọ̀.

LORNA: Bàbá ń béèrè ẹni tó ń gun katakata. Mo ní ẹ̀yin ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mi ò rí ẹ̀rín wọn rí.


15.

[Èmi ni mò ń ro èyí. Mi ò sí níbẹ̀.]

Ẹ̀yìn ni Urho dùbúlẹ̀ sí nínú ọkọ̀. Orí igi nìkan ló ń rí lójú fèrèsé. Ó ń kà wọ́n. Ó mọ ibi tí a ti ń yà sọ́wọ́ òsì, torí pé igi méjì tó fara ti ara wọn wà níbẹ̀. Ó ń ronú pé mi ò ní lè ṣe é. Rárá, kò ronú bẹ́ẹ̀. Ó kàn ń ka igi ni.


16.

Ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́wàá kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá láti títì dé ẹnu ilẹ̀kùn, àfi ìdí igi kuusi tí ìyá Urho gbìn.

Níbẹ̀: mẹ́sàn-án àti íǹṣì mẹ́rin.


17.

[Ẹnu ọ̀nà.]

AWAKỌ̀: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ìdí igi yẹn ò tó.

ÈMI: Íǹṣì mẹ́jọ ló kù.

AWAKỌ̀: Bí táyà bá rì síbẹ̀, a ò ní jáde mọ́. Mo lè dúró fún ìdajì wákàtí. Ẹ wo òkè, yìnyín ti tún bẹ̀rẹ̀.

LORNA: Bàbá ní kí n ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

AWAKỌ̀: Nínú òtútù yìí?

LORNA: Mo ti sọ fún wọn. Wọ́n ní kí n ṣí i.


18.

Lorna ṣí i. Ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta wé e dé àgbọ̀n. Urho yí orí sí ògiri ọ̀tún, ó yí i sí ti òsì, níbi tí mo ti gé gbogbo òtútù ọdún yìí là sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ló fi kó yìnyín ojú ọ̀nà yìí, tó ń tì í jìnnà, tí kò jẹ́ kó di ògiri lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó wò ó pẹ́. Ẹnu rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ kò tètè jáde. Awakọ̀ náà dúró dè é.

URHO: Mi ò rí inú rẹ̀ rí.


19.

Mo gun katakata.


20.

Íǹṣì mẹ́fà.


21.

Lorna fẹ́ ti ilẹ̀kùn. Urho ní rárá.


22.

Íǹṣì mẹ́rin. Yìnyín ń já sórí bùláńkẹ́ẹ̀tì, Urho kò jẹ́ kí wọ́n gbọ̀n ọ́n kúrò.


23.

Íǹṣì méjì, mo sì ń gé e lọ…