Yanrìn Inú Ẹsẹ̀ Òrùlé

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi ìgbéraga mi bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Èmi Fáṣínà, jórinjórin ni mí. Ẹ̀yìn Apple Junction ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, iṣẹ́ tí wọ́n sì fi mọ̀ mí ni òrùlé fọ́kílíìfù, ọkọ̀ kékeré tó máa ń na irin gígùn méjì síwájú láti fi gbé ẹrù ní àwọn yáàdì. Tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n á ti gé òrùlé wọn kúrò lókè òkun kí wọ́n lè ráyè wọ inú kọ̀ǹténà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á sì máa lò wọ́n níhìn-ín láìní òrùlé, tí ẹni tó ń wà wọ́n á máa wọ abẹ́ ẹrù tí wọ́n tò kan àjà. Bí àpò kan bá yẹ̀ lókè, orí ẹni ẹlẹ́ni ló máa bà lé. Ìdí tí òrùlé fi wà nìyẹn. Kì í ṣe tìtorí oòrùn.

Orí sìmẹ́ńtì ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ni mo ti máa ń fi ṣọ́ọ̀kì ya òrùlé mi. Màá ní kí awakọ̀ jókòó, màá wọ̀n ọ́n láti ìdí dé àtàrí, màá sì fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì lé e. Àwọn irin tó dábùú lókè, àlàfo wọn ò gbọdọ̀ gba agolo tòmátì, síbẹ̀ ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí awakọ̀ rí ẹrù tó ń gbé sókè. Ẹ lè máa rò pé iṣẹ́ kékeré ni. Ẹ wá yà á wò.

Mo tún ní àṣà kan. Ọjọ́ tí mo bá gbé òrùlé fún oníbàárà, èmi fúnra mi ni mo máa ń jókòó sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n á fi ẹ̀rọ mìíràn gbé àpò ìrẹsì ńlá kan sókè, wọ́n á sì tì í lé mi lórí. Mo ti jókòó sábẹ́ mọ́kànlélógún. Láti Mazamaza títí dé Satellite Town, bí wọ́n ṣe ń pè mí nìyẹn, Fáṣínà tó ń jókòó sábẹ́ òrùlé ara rẹ̀. Ó máa ń dùn mọ́ mi, mi ò ní purọ́ fún yín.

Azeezat ló gbé ìkejìlélógún wá. Mo mọ ọmọ náà láti ìgbà tó ti ń gbé àwo ẹ̀wà ìyá rẹ̀ káàkiri ọ̀dọ̀ àwa jórinjórin. Ó ti di awakọ̀ fọ́kílíìfù báyìí ní yáàdì ìrẹsì àti ṣúgà kan ní ìhà Satellite, òun nìkan sì ni obìnrin láàárín wọn. Kò ga, torí náà ó rán ìrọ̀rí kékeré kan láti inú àjákù ańkárá, òun ló máa ń jókòó lé kó lè rí ọ̀ọ́kán. Ó sọ fún mi pé àpò ṣúgà kan já lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìgbọ̀nwọ́ kan péré ló ku kó bà lé òun. Ó lọ bá Madam Dorothy, ọ̀dọ́bìnrin tó ń darí yáàdì náà, ó bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà pé kí wọ́n ṣe òrùlé. Èmi ni Azeezat sì dárúkọ.

Ẹ̀rọ náà rí ṣonṣo lẹ́yìn, ó wá di dandan kí ẹsẹ̀ òrùlé rẹ̀ tẹ̀ ní èjìká. Èmi kì í tẹ páìpù, Tàjúdéènì ní Mazamaza ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Yanrìn gbígbẹ ló máa ń rọ sínú páìpù kí iná má bàa jẹ́ kó wó sínú, á wá fi igi dí ẹnu rẹ̀. Bí mo bá ti rí igi lẹ́nu páìpù, mo mọ̀ pé yanrìn ṣì wà nínú, màá sì dà á nù. Èmi fúnra mi ni mo sì máa ń ra páìpù. Mo máa ń gbé e wò, mo máa ń fi òòlù kàn án, màá sì fi etí mọ bó ṣe nípọn tó. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń fi irinṣẹ́ wọ̀n ọ́n, èmi máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín ni.

Lọ́tẹ̀ yìí, ẹsẹ̀ ń dùn mí. Mo fi fóònù sọ fún Tàjúdéènì pé kó bá mi ra páìpù márùn-ún fún ẹsẹ̀ òrùlé, kó tẹ̀ wọ́n, kó kó wọn ránṣẹ́. Mi ò sọ bó ṣe yẹ kí wọ́n nípọn tó, mi ò sì sọ irú òrùlé tó jẹ́. Ṣé ó yẹ kí n máa sọ ìyẹn fún ẹni tó mọ̀ mí? Nígbà tí wọ́n dé, mo rí i pé ó ti jó irin pẹlẹbẹ dí ẹnu wọn lókè nísàlẹ̀. Mo ní ah, Tàjú ti ń gbọ́n sí i, ó ti bá mi ṣe ibi tí wọn yóò ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Mo gbé ọ̀kan, ó wúwo. Mo fi òòlù kàn án, ó dún gbì, bí ohun tó nípọn ṣe ń dún. Inú mi dùn. Mo jó mẹ́rin mọ́ òrùlé, mo gbé ìkarùn-ún, tí mo fi ṣe àfikún, ti ògiri.

Ọjọ́ Ẹtì la gbé e lọ. Mo fẹ́ jókòó sábẹ́ rẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe, àmọ́ Madam Dorothy ní ọkọ̀ ẹrù ń dúró, pé òun ti gbọ́ ìròyìn mi, irú èmi kọ́ ló yẹ kí wọ́n máa dán wò. Ẹ wo bí orí mi ṣe wú. Mo ní kò sí wàhálà. Azeezat ti gòkè, ó ń wo òrùlé tuntun náà, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bọ̀dá, mi ò bẹ̀rù mọ́.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo fẹ́ fi páìpù tó kù ṣe ìdábùú ilẹ̀kùn fún ẹnì kan ní Fifth Avenue. Mo gbé e sílẹ̀, mo tan ẹ̀rọ ìgérin, mo gé ibi tó tẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Yanrìn bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde. Ó ń dà sórí bàtà mi, mo kàn ń wò ó. Nígbà tó dà tán, mo gbé páìpù náà, ó fúyẹ́ lọ́wọ́ mi bí igi ìgbálẹ̀. Mo wo ibi tí mo gé, kò nípọn ju ìdérí agolo mílíìkì lọ. Mo fi òòlù kàn án, ó ń ké gan-gan-gan bí agogo àwọn ọmọ ilé-ìwé.

Mo pe Tàjúdéènì. Mo bú u, mo bú u kó tó lè kí mi. Ó ní kí n ṣe sùúrù, pé òrùlé tí mo sọ, òrùlé oòrùn lòun rò pé ó jẹ́, bíi ti kẹ̀kẹ́ Màrúwà, pé irin lòun fi dí ẹnu rẹ̀ torí kò sí igi nílẹ̀, òun sì rò pé màá ṣí i da yanrìn nù. Òótọ́ ló ń sọ. Yanrìn ni mo gbé tó wúwo, yanrìn náà ni mo sì gbọ́ tó dún gbì. Mo pa fóònù.

Ìgbà náà ni mo rántí ohun tí Azeezat sọ, pé òun ò bẹ̀rù mọ́. Nígbà tí kò sí òrùlé, ọmọ yẹn ń ṣọ́ra. Ó máa ń gbójú sókè, ó máa ń jìnnà sí ibi tí ẹrù bá ti ga jù. Ní báyìí tí mo ti fún un ní òrùlé, abẹ́ gbogbo ẹ̀ ni yóò máa wọ̀. Èmi ni mo gba ẹ̀rù lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fi páìpù agolo rọ́pò rẹ̀.

Mo pè é, kò gbé e. Wọn kì í jẹ́ kí wọ́n mú fóònù wọ yáàdì, inú àpótí ẹnu géètì ni gbogbo rẹ̀ máa ń wà. Mo pe Madam Dorothy lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kò gbé e. Mo fò sínú kẹ̀kẹ́. Ẹni tó ń wà á ní òun máa dúró de èrò méjì sí i, mo ní kó ka gbogbo ìjókòó náà sí mi lọ́rùn, kó ṣáà máa lọ. Nígbàkúùgbà tí kẹ̀kẹ́ bá já sí kòtò, ṣe ló ń ṣe mí bíi pé àpò ìrẹsì ló já.

Ọkùnrin ẹnu géètì ní kí n kọ orúkọ, ẹni tí mo wá rí, ìdí tí mo fi wá. Mo kọ orúkọ. Ní ibi tí wọ́n ní kí n kọ ìdí, ọwọ́ mi kọ̀. Mo fa ìlà síbẹ̀, mo sáré wọlé.

Azeezat wà nínú ṣẹ́ẹ̀dì lóòótọ́, abẹ́ ìrẹsì tí wọ́n tò ga ju ilé alájà kan lọ. Ariwo ẹ̀rọ ò jẹ́ kó gbọ́ mi. Mo lọ dúró sí iwájú irin méjèèjì. Ó tẹ bíréèkì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé ṣé kò sí nǹkan. Àwọn aláàárù yí wa ká. Madam Dorothy náà jáde láti ọ́fíìsì.

Ẹ gbọ́, ibi tí ojú ti ń tì mí jù nìyí. Irọ́ ni mo kọ́kọ́ pa. Mo ní ọ̀dà ẹsẹ̀ òrùlé náà ò dáa tó lójú mi, kí wọ́n jẹ́ kí n tú u lọ kùn ún. Madam Dorothy wo aago. Ó ní ọkọ̀ ẹrù mẹ́ta ló wà níta, kí n padà wá lọ́jọ́ Àìkú, ọ̀dà ò lè dá iṣẹ́ dúró. Ó fi orí ṣe àmì sí Azeezat pé kó máa bá iṣẹ́ lọ, Azeezat sì tún tan ẹ̀rọ. Mo di òpó òrùlé náà mú. Mo ní rárá o, kì í ṣe ọ̀dà nìkan, pé kò dá mi lójú tó bẹ́ẹ̀.

Ara Madam Dorothy ò gbà á mọ́. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, gbogbo wọn sì gbọ́.

“Ọ̀gá Fáṣínà, àṣà yín ni. Ẹ jókòó sábẹ́ rẹ̀ ká ju àpò kan lé e, kí iṣẹ́ máa lọ.”

Àwọn aláàárù hó yèè. Wọ́n ti ń fẹ́ rí i tipẹ́. Azeezat sọ̀kalẹ̀ fún mi, ó tilẹ̀ tún ìrọ̀rí náà tẹ́. Mo wo ìjókòó. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ, mo sì fẹ́ gòkè, mi ò ní purọ́. Ẹsẹ̀ mi kan ti wà lórí àtẹ̀gùn. Àmọ́ bí àpò náà bá bà lé e tí òrùlé dúró lẹ́ẹ̀kan yẹn ńkọ́? Ọmọ náà á tún padà sábẹ́ rẹ̀. Ikú ta ni wọ́n ní ó yá ju ẹ̀sín? Tèmi ni. Wọn ò ní kí n fi ti ọmọ ọlọ́mọ bo ojú ara mi.

Mo sọ̀kalẹ̀. Mo ní, “Mi ò lè jókòó síbẹ̀.”

Mo wá ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún wọn, páìpù, yanrìn, òòlù, etí mi tí mo gbọ́kàn lé. Madam Dorothy ní kí wọ́n ju àpò náà láìsí ẹnikẹ́ni lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀rọ kejì gbé àpò kan sókè, wọ́n tì í. Òrùlé náà kò fọ́. Ó kàn rọra kúnlẹ̀ ni, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, irin òkè sì dùbúlẹ̀ sórí ìjókòó. Ọ̀kan nínú àwọn ẹsẹ̀ náà ya, yanrìn sì ń sun látibẹ̀ wá sílẹ̀.

Àwọn aláàárù ò rẹ́rìn-ín. Ì bá sàn kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Azeezat rìn lọ síbẹ̀, ó na ọwọ́ sábẹ́ irin, ó ń fa ìrọ̀rí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi jáde. Ó gbọn yanrìn ara rẹ̀ nù. Mo ń retí kó bú mi. Mo fẹ́ kó bú mi.

Ó ní, “Bọ̀dá, ẹ lọ ṣe òmíì wá. Mi ò ní gun ẹ̀rọ yìí títí ẹ ó fi dé.”

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe é. Mo lọ ra páìpù fúnra mi, mo sì yá irinṣẹ́ ìwọ̀n lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí mo máa ń fi rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tí Tàjúdéènì tẹ̀ wọ́n lójú mi, mo gé ẹnu páìpù kọ̀ọ̀kan, mo yọjú wo inú rẹ̀ lójú oòrùn. Síbẹ̀, mi ò rí oorun sùn. Ìgbà tí a gbé e dé yáàdì, Azeezat ní òun fúnra òun ni yóò fi ẹ̀rọ kejì gbé àpò náà sókè. Ó na ìrọ̀rí rẹ̀ sí mi, pé kí n jókòó lé e, nítorí ìjókòó náà le.

Mo gòkè. Mo ti ṣe é nígbà mọ́kànlélógún rí, n kò sì bẹ̀rù rí, àṣé torí pé mi ò mọ nǹkan kan ni. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rù bà mí. Azeezat gbé àpò sókè títí ó fi dúró sókè orí mi, ó wá béèrè bóyá kí òun tì í. Mo ní kó tì í.

Àpò náà já. Eruku bò mí. Nígbà tí mo lajú, irin òkè wà níbi tí mo jó o mọ́. Àwọn aláàárù ń pàtẹ́wọ́, Madam Dorothy ti ń padà sí ọ́fíìsì. Mi ò dìde. Mo sọ fún Azeezat pé kó tún un jù lẹ́ẹ̀kan sí i.