Ọwọ́ Òsì Mísì Leah

1.
…kì í ṣe okùn. Àkísà ni. Mo dì í mọ́ ọwọ́ òsì rẹ̀, mo so ó mọ́ ẹsẹ̀ àga. Mo ní kó fi ọ̀tún kọ̀wé.

Ẹ̀pẹ́, 1954. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di tíṣà. Mo ń kọ́ wọn níbẹ̀. Sàlàkọ́ ni orúkọ mi.

Leah Adéyọ̀sí ni orúkọ tirẹ̀. Ọmọ Ìlàjẹ, ọmọ apẹja. Ó pé ọmọ ogún ọdún.


2. Ìwé ara ògiri

ÌKÌLỌ̀
Tíṣà ni àwòkọ́ṣe.
Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń fi ọwọ́ òsì kọ nǹkan sára pátákó
KÒ NÍ GBA ÌWÉ Ẹ̀RÍ.
— Ọ̀gá Àgbà

Wọn kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹnìkan ṣoṣo ló ń fi òsì kọ̀wé nínú gbogbo wọn.


3.
Ohun tí ọwọ́ ọ̀tún Leah ń ṣe:
ó ń fún àgbà ní nǹkan
ó ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà
ó ń jẹun

Ohun tí ọwọ́ òsì rẹ̀ ń ṣe:
gbogbo ìyókù


4.
Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ ní oṣù kẹsàn-án. Mo máa ń sọ fún àwọn ènìyàn pé ó dágbére fún mi. Kò dágbére.


5. Lẹ́tà

Abúlé wa, etí ọ̀sà
Oṣù kejìlá, 1954

Tíṣà Sàlàkọ́,

Mo kí yín, sà. Mo gbọ́ pé ẹ ti padà sílé ní Ìkòròdú, pé ibẹ̀ lẹ ti máa kọ́ni. Wọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ máa bẹ̀rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀, àti pé tíṣà kò tó. Wọ́n ní ẹni tí kò parí kọ́lẹ́ẹ̀jì lè máa kọ́ àwọn ọmọ lábẹ́ tíṣà tó ní ìwé ẹ̀rí, kí aṣàyẹ̀wò wá wò ó. Bó bá yege, á gba ìwé tirẹ̀.

Mi ò gbàgbé àkísà yẹn. Ṣùgbọ́n mi ò mọ tíṣà mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí n wá.

Leah

(Ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ti fa íǹkì kọjá lórí gbogbo ìlà.)


6.
Mo ní kó máa bọ̀.


7.
Èbúté Ìkòròdú, 1955. Ilé-ẹ̀kọ́ tuntun kò tíì ní òrùlé. Wọ́n yá wa ní àtíbàbà kan tí wọ́n ń kó àwọ̀n sí. Ọmọ mọ́kànlélógójì. Pátákó kan.

Leah fi ọ̀tún pín síléètì. Ó fi òsì mú ṣọ́ọ̀kì.

Ní ọjọ́ kẹta, àwọn òbí dé.


8. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an

FÀSÁSÌ, oníyanrìn: Tíṣà, ọwọ́ tí ènìyàn fi ń nùdí ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ mi ní A, B, D?
FÀLÍLÁTÙ, ẹlẹ́ja: Fàsásì, ọwọ́ wo lo fi ń di ṣọ́bìrì mú?
FÀSÁSÌ: Méjèèjì.
FÀLÍLÁTÙ: Ṣé yanrìn wá bínú?
(Ẹ̀rín.)
FÀSÁSÌ: Yanrìn kì í ṣe ọmọ ènìyàn.
LEAH: Bàbá, ẹ má bínú. Ẹja tí ẹ jẹ láàárọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọwọ́ òsì bí èyí ló fà á jáde nínú omi.
FÀSÁSÌ: Abájọ tí inú fi ń run mí!
(Ẹ̀rín tó pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.)
BÀBÁ YÍSÀ, àgbà wọn: Ó tó. Bí ọwọ́ ọ̀tún ẹni bá dí, tí a fi òsì na nǹkan sí àgbà, kí là ń sọ?
FÀLÍLÁTÙ: Ẹ forí jì mí, òsì ni.
BÀBÁ YÍSÀ: Kó máa sọ ọ́ kó tó kọ nǹkan. Kí àwọn ọmọ máa dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ tán.
FÀSÁSÌ: Kó máa sọ ọ́ sókè o.


9.
Leah á mú ṣọ́ọ̀kì. Á ní: Ẹ forí jì mí.
Àwọn ọmọ á ní: A ti forí jì yín, Mísì!

Lọ́jọ́ kan ó bi mí pé, “Tíṣà, kí ni mo ṣẹ̀ gan-an?”

Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, kì í sọ tirẹ̀ mọ́. Bó bá ti fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì báyìí, wọ́n á ti dá a lóhùn.


10.
(Mo ti ya ojú ewé yìí dànù. Ohun tí mo fi dá ìbéèrè Leah lóhùn ló wà níbẹ̀.)


11. Lẹ́tà ìjọba

Aṣàyẹ̀wò yóò dé ní Ọjọ́ Ajé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí òní.


12.
Èmi ni mo gbà á nímọ̀ràn. Ìlà kan ṣoṣo, kó fi ọ̀tún kọ ọ́ lójú aṣàyẹ̀wò, kó parí síbẹ̀. Ó ń fi kọ́ra lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá lọ.

Omi ọ̀sà tutù.
Omi ọ̀sà tutù.
Omi ọ̀sà tutù.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, àwọn lẹ́tà náà dúró dáadáa.

N kò fi àkísà dè é lọ́tẹ̀ yìí.


13.
Ọjọ́ Ajé. Aṣàyẹ̀wò, Ọ̀gbẹ́ni Ògúnsànyà, jókòó lẹ́yìn.

Leah fi ọwọ́ ọ̀tún mú ṣọ́ọ̀kì.

A   TI   FORÍ   JÌ   YÍN,   MÍSÌ!


14.
AṢÀYẸ̀WÒ: Ẹ̀yin ọmọ, kí ni Mísì ṣẹ̀ yín?
(Àwọn ọmọ wo Leah.)
AṢÀYẸ̀WÒ: Mísì, ẹ̀ṣẹ̀ wo ni?
ṢẸ̀RÍFÁTÙ, ọmọ kíláàsì: Ọwọ́ kejì ni, sà. Mísì ṣì í mú ni.


15.
Leah wò mí. Mo máa ń sọ pé mo mi orí sí i. N kò mi orí. Ọ̀sà ni mo ń wò.

Ó gbé ṣọ́ọ̀kì sí òsì. Ó kọ ìlà náà. Ó kọ mẹ́fà mìíràn tẹ̀ lé e. Ó kọ́ wọn títí agogo fi lù.


16. Fọ́ọ̀mù

Ohùn: ó dára
Àkóso kíláàsì: ó dára púpọ̀
Ìkọ̀wé sára pátákó: ó dára
Ọwọ́ tó fi kọ ọ́: ……………
(Tíṣà tó ń kọ́ ọ ni kó kọ èyí, kó sì fọwọ́ sí i.)


17.
AṢÀYẸ̀WÒ: Ojú ti ń dùn mí láti àárọ̀, Tíṣà. Ẹ kọ èyí tó bá wù yín. Bó bá jẹ́ ọ̀tún, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ dé nìyẹn. Bó bá jẹ́ òsì, mi ò mọ ohun tí wọ́n máa sọ ní Ìbàdàn.
(Ó lọ wọ ọkọ̀ ojú omi. Mo mú fọ́ọ̀mù náà tẹ̀ lé e dé èbúté. Leah tẹ̀ lé mi.)
LEAH: Ẹ má purọ́ nítorí mi, sà.
SÀLÀKỌ́: Wọ́n lè má fún ọ o.
LEAH: Bí wọ́n bá fún mi lórí irọ́, ọwọ́ wo ni mo máa fi kọ́ wọn lọ́la?
SÀLÀKỌ́: Ọkọ̀ ti ń fun fèrè.
LEAH: Ẹ fún mi ní kálàmù.


18.
Ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan.

Òsì.

Mo fọwọ́ sí i lábẹ́, mo nà án sí aṣàyẹ̀wò. Ọkọ̀ gbé e lọ.


19.
Ìsinmi dé. Kò sí èsì láti Ìbàdàn.


20.
Lọ́jọ́ tí a wọlé padà, Leah ti dé ṣáájú mi, ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ òsì.