Àwọn Olè Tó Gé Ìka Baba Alọ́bẹ

Baba Alọ́bẹ kì í jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kan ọjà òun. Bí ọmọ bá wọ ṣọ́ọ̀bù, ìyá rẹ̀ ni yóò di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọ̀bẹ á sì wà nínú páálí títí wọn ó fi délé. Àwọn oníbàárà gbà pé ọgbọ́n àgbà ni. Ọgbọ́n wo? Ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ òsì rẹ̀ tó gé ku kùkùté ló mọ ìdí rẹ̀.

Olè ni baba máa ń sọ pé ó gé e. Nígbà tó kọ́kọ́ sọ ọ́, olè kan ni. Ọjọ́ tó lọ kí àwọn àna rẹ̀, wọ́n di méjì. Nígbà tó fi máa di baba àgbà, wọ́n ti pé márùn-ún, ọ̀kan gbé ìbọn, baba nìkan ló sì lé gbogbo wọn dé òpópónà. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé bí ẹ̀mí òun bá tún gùn sí i, àwọn olè náà á dá ẹgbẹ́ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó lọ mú okùn ní yàrá ẹ̀yìn láti fi di ọ̀bẹ tí alápatà kan fẹ́ rà. Nígbà tó jáde, ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ti gun àpótí lẹ́yìn káńtà, ó di ọ̀bẹ ìgéran náà mú. Alápatà tó ń fi ọ̀bẹ ṣiṣẹ́ jẹun ti sá lẹ̀ mọ́ ògiri.

Baba kò pariwo. Ẹni tó ń ta ọ̀bẹ mọ̀ pé a kì í já a gbà lọ́wọ́ ọmọdé, a kì í sì í dẹ́rù bà á.

"Ọmọ mi, rọra gbé e sílẹ̀."

"Mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀bẹ ni, Baba àgbà. Bí olè bá dé, èmi náà á lé wọn. Bí wọ́n bá gé ìka mi, mi ò ní sunkún." Ó na ìka ìfábẹ̀lá òsì, ó ń fi ojú ọ̀bẹ wọ̀n ọ́n bí aránṣọ ṣe ń wọn apá aṣọ.

Baba wo alápatà. Gbogbo àdúgbò ni ọkùnrin yìí ti sọ ìtàn olè náà fún. Bí baba bá la ẹnu sọ òótọ́, kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n á ti gbọ́. Ó wá rí i pé iyì ara òun ni òun ń rò nígbà tí ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ ọmọ. Àgbàyà ni òun, ó gbà.

"Kò sólè kankan," ó ní.

"Márùn-ún ni wọ́n."

"Búrẹ́dì ni. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Bàbá mi ní n má fọwọ́ kan ọ̀bẹ òun. Mo sọ fún àbúrò mi pé mo lè gé búrẹ́dì láìlajú, mo bá di ojú pinpin. Nígbà tí mo lajú, odindi ni búrẹ́dì wà."

Alápatà bú sẹ́rìn-ín. "Baba, olè márùn-ún wá di búrẹ́dì kan ṣoṣo."

"Mo sunkún," baba ń bá a lọ, aṣọ kúkú ti bọ́. "Mo tọ̀ sára. Àbúrò mi, ọmọ ọdún márùn-ún, ló fà mí lọ́wọ́ lọ bá ìyá wa."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí, ó sì gbé ọ̀bẹ sílẹ̀ kó má bàa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Baba rọra fa ọ̀bẹ náà kúrò níwájú rẹ̀, ó sì jókòó.

Ẹ̀rín tán lẹ́nu ọmọ. Ó sọ̀kalẹ̀, ó di kùkùté ìka náà mú.

"Ṣé ó dùn yín gan-an?"

Láti ọgọ́ta ọdún tí baba ti ń lé olè, wọ́n ti kan sáárá sí i, wọ́n ti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ẹnì kan kò bi í bẹ́ẹ̀ rí.

"Ó dùn mí," ó ní. "Ó dùn mí gan-an ni." Omi dé ojú rẹ̀ níwájú alápatà, ó sì jẹ́ kí ọmọ náà di ìka òun mú.