Ọta Gígùn Nínú Ìbọn Bàbá Munirah

Bí kì í bá ṣe pé àna ẹni kì í ṣe ẹni à ń jágbe mọ́, tí aṣọ àrámì hájì sì wà lára àwọn méjèèjì, Ẹ́ńjíníà Abdulghani ìbá ti bú sí ariwo kí bọ́ọ̀sì wọn tó kúrò ní Jẹ́dà.

Hájì ọdún 1995 ni. Jùbrílù, bàbá Munirah ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n ti ń pè ní Àlàájì kó tó fojú kan Káábà, ọdẹ ni ní Ìgbẹ́tì. Òyìnbó kan tó ń ṣọ́ igbó ọba ló fi ìbọn ráífù sílẹ̀ fún un láyé àtijọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ẹnìkan fún un ní ọta tuntun tí orí rẹ̀ gùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹfọ̀n kan sì wà lọ́nà oko wọn tó ti kan àgbẹ̀ pa. Bàbá ti búra: bí òun bá ti délé, ọta tuntun yẹn lòun ó fi pàdé rẹ̀.

Munirah ti fa ọkọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́nu ọ̀nà nílé kí wọ́n tó gbéra. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí bàbá mi lọ kú síwájú ẹfọ̀n."

Nínú bọ́ọ̀sì, Abdulghani rọra bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá, ìlà tó lọ́ yípo nínú ọ̀pá ìbọn ló ń mú ọta yí bí òkòtó. Ìlà ti ìbọn yín kò lọ́ púpọ̀. Ó tó fún ọta kúkúrú. Èyí tó gùn ń fẹ́ kó yí kíákíá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò máa tàkìtì lójú afẹ́fẹ́."

"Tàkìtì kẹ̀! Mo ti yìn ín sí igi kajú. Ti àtijọ́ a máa dá ihò roboto. Tuntun yìí, ihò gbọọrọ, àfi bíi pé ẹkùn ló fi èékánná ya á. Èwo ló lágbára?"

"Bàbá, ihò gbọọrọ yẹn gan-an ló fi hàn pé ẹ̀gbẹ́ ló fi wọlé!"

"Háà! Kò sí àríyànjiyàn nínú hájì, Ẹ́ńjíníà. Àbí o ò ka ibẹ̀ nínú Kùránì tìrẹ?"

Abdulghani ké ìpè hájì dípò èsì. "Làbáíkà Allahúmọ̀ Làbáíkà!" Ó pariwo rẹ̀ débi pé ẹni tó wà níwájú bojú wẹ̀yìn. Bàbá dúró kó parí, ó tún bẹ̀rẹ̀: "Ẹkùn, mo ní bí ẹkùn."

Ní àdúgbò Àsísíyà, ní Mẹ́kà, wọ́n jókòó sínú yàrá tí wọ́n háyà, wọ́n ń retí bọ́ọ̀sì tí yóò gbé wọn lọ sí àgọ́ hájì ní Mínà. Abdulghani fi igi ìṣáná gún ìdérí ìgò omi láàárín, ó ta á bí òkòtó. Ó ń yí, kò ṣubú. Ó wá fi bírò gún ìdérí mìíràn, ó ta á. Ó ṣubú.

"Ọwọ́ rẹ ló rọ," ni Bàbá wí. "Ta á dáadáa."

"Ohun tí mo ń sọ nìyẹn, Bàbá! Bó bá ṣe gùn tó ni yíyí rẹ̀ gbọ́dọ̀ yá tó! Ìbọn yín ò lè ta á ju báyìí lọ!"

"Ohùn rẹ ti ń lọ sókè o. Hájì là ń ṣe."

Abdulghani mú ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Ó ro ó pé ìbéèrè kì í kúkú ṣe àríyànjiyàn.

"Bàbá, mo kàn fẹ́ béèrè ni. Ọta tuntun mélòó lẹ yìn sí igi kajú náà?"

"Mẹ́rin."

"Ihò mélòó lẹ rí?"

Bàbá mú bírò náà, ó ń yí i láàárín ìka.

"Ọ̀kan."

"Àwọn yòókù ńkọ́?"

"Mo ní bóyá ihò kan náà ni gbogbo wọn gbà kọjá ni." Bó ti ń sọ ọ́ ni ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Ó wo ìdérí tó ṣubú. "Ẹfọ̀n kì í sì í dúró soojú kan bí igi kajú."

Bàbá gbé bírò náà sílẹ̀.

"Ọta àtijọ́ ni n ó lò. Èyí, n ó dà á sódò, kí ọdẹ mìíràn má baà fi ṣe ara rẹ̀ léṣe."

Abdulghani mí kanlẹ̀, ó fẹ̀yìn lélẹ̀. Ó ti ń ro bí yóò ṣe sọ ọ́ fún Munirah.

"Ẹ́ńjíníà."

"Bàbá."

"Àwọn ìbọn tí ìlà inú wọn lọ́ dáadáa yẹn, ṣé wọn ò tà á ní Jẹ́dà lọ́hùn-ún?"

Abdulghani fa aṣọ funfun ara rẹ̀ kó fi bo orí. Ó rántí pé ọkùnrin kì í borí nínú àrámì. Ó jù ú sílẹ̀.

"Làbáíkà," ló wí.