Wọ́n Ní Ó Jẹ́wọ́

Fọ́máànù wà níbi iṣẹ́ ìkọ́lé náà lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó ń wa kéréènì wà níbẹ̀, lókè, nínú àgọ́ onígíláàsì rẹ̀. Àwọn wẹ́dà méjì. Ọkùnrin tó ń di irin, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ọmọ ọmọ mi, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, tí mo sọ lórúkọ bẹ́ẹ̀ nítorí títín-ín-rín rẹ̀, ẹnjinníà wọn: obìnrin kan ṣoṣo, àlejò kan ṣoṣo. Gbogbo wọn nìyẹn. Èmi ò sí níbẹ̀. Ká ní mo wà níbẹ̀… orí ẹnìkan ì bá fọ́ kún un.

Mo ń gé adìẹ. Ọ̀bẹ ilé yìí ò mú, agbára ni mo fi ń lù ú. Egungun ń ṣẹ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Itan nìyí. Itan ẹ̀gbọ́n yẹn nìyí — gbà! Ọrùn fọ́máànù… gbà!

Mo ní kí n wá wo ọmọ nílùú òkèèrè yìí, kí n sinmi díẹ̀. Èépá ẹ̀jẹ̀ ló wà létè rẹ̀ báyìí, ojú òsì ti di, eyín iwájú kan ti lọ. Ó wà ní yàrá kejì, ó kọjú sí ògiri. Ọjọ́ Ajé làwọn ọ̀gá yóò pè é, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá òun ló jẹ̀bi. Bí wọ́n bá ní òun ni, iṣẹ́ tán. Bí iṣẹ́ bá tán, ìwé ìgbélùú tán. Gbogbo ọdún tó fi kàwé nínú òtútù, tó ń… rárá. N ò ronú ìyẹn. Mo fẹ́ gé nǹkan.

Kí ló sì ṣe? Ó ti sọ fún wọn láàárọ̀ pé ṣéènì yẹn ti gbó, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Fọ́máànù bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ wá wo àlejò tó ń kọ́ onílé bí wọ́n ṣe ń gbálẹ̀!" Wọ́n gbé irin sókè. Ṣéènì já. Irin balẹ̀ sórí ẹsẹ̀ ọkùnrin tó ń di irin, ó rún un — ọmọ mi ní ṣe ló dún bí ìgbà téèyàn tẹ ìgbín mọ́lẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ sáré débẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, ó gbé orí ọkùnrin náà lé itan, ó ń sọ ọ́ lásọtúnsọ. Pẹ̀lẹ́. Pẹ̀lẹ́ o. Pẹ̀lẹ́.

Yorùbá lọ́kàn, èdè wọn lẹ́nu. Èdè wọn — èdè játijàti! — kò ní pẹ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ tó fi rọ́pò rẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ nìkan ló ń sọ ọ́ níbẹ̀, ẹni tó ń tọrọ àforíjì. Fọ́máànù figbe ta: "Ẹ gbọ́ ọ! Ó ti jẹ́wọ́!" Ni ẹ̀gbọ́n ọkùnrin náà bá fa sípánà yọ…

Gbà! Ẹ̀yìn adìẹ ti là sí méjì.

Sípánà lójú. Bàtà onírin níhà, níkùn. Akoto orí rẹ̀ là bí igbá. Ó sì wà nílẹ̀, ó ṣì ń sọ ọ́, pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, wọ́n ń lù ú sí i, torí ó ń jẹ́wọ́ sí i.

"Ta ló ní kó o sọ bẹ́ẹ̀?" Lọ́yà rẹ̀ ló bi í lórí fóònù. Ọmọ náà wò mí. "Màmá àgbà ló kọ́ mi." Èmi ni! Ṣé kí n sẹ́? Láti ayé ìyá ìyá bàbá mi, ilé wa kì í rí ẹni tó fara pa kó dákẹ́. Ìyá yẹn, bí ewúrẹ́ bá fẹsẹ̀ kọ, á kí i ní pẹ̀lẹ́. Bàbá mi àti aládùúgbò rẹ̀ ń ṣẹjọ́ lórí ilẹ̀. Lọ́jọ́ tí ògiri wó lu aládùúgbò, ta ló kọ́kọ́ débẹ̀? Bàbá mi. Ó kí i tán, ó ní, "Tára bá ti yá, a ó pàdé ní kóòtù." Èmi ni mo mọ̀ wọ́n, gbogbo ìtàn wọ̀nyí. Lọ́dọ̀ mi ni wọ́n wà.

Lọ́yà ní: "Má sún mọ́ ọkùnrin náà. Má kí i. Tó o bá tún la ẹnu, iṣẹ́ lọ." Mo ní ó gbọ́n. Mo ní kí ẹsẹ̀ náà jẹrà, kó jẹrà dé ìbàdí! Mo sọ ọ́ jáde lẹ́nu. Nínú ilé ìdáná yìí.

Wọ́n sì ti gé e. Àná ni wọ́n gé e, láti orúnkún. Mo gbọ́, mo sì ń…

Dúró ná.

Ọkùnrin yẹn ò na ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló lù. Fọ́máànù ló pariwo. Òun… ilẹ̀ ló wà, orí rẹ̀ wà nítan ọmọ mi. Wọ́n gé ẹsẹ̀ èèyàn, etí mi gbọ́, ẹnu mi ò — n ò sọ nǹkan kan. Bí wọ́n bá ń sọ ìtàn ilé wa lẹ́yìn mi, tí wọ́n dé orí tèmi, kí ni wọn yóò ní mo ṣe? Pé mo gbọ́ ti lọ́yà?

Inú ṣì ń bí mi. Kò rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n rí ẹ̀gbọ́n yẹn lẹ́nu ọ̀nà… Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan há mi lọ́fun bí egungun, tí n ò bá sọ ọ́, ó máa pa mí.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́! Dìde, wọ bàtà. Mú mi lọ sílé ìwòsàn, sọ́dọ̀ ọkùnrin yẹn. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, pa ẹnu rẹ mọ́. Má túmọ̀ rẹ̀ fún wọn.